Ìmọ́lẹ̀ Fèrèsé àbí Fláàṣì: Èwo Ló Yẹ Fọ́tò Inú Ilé?

Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò nínú ilé, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: ṣé ohun tí mo fẹ́ yà lè wá bá ìmọ́lẹ̀, àbí ìmọ́lẹ̀ ló máa lọ bá a? Ẹni tó jókòó sórí àga lè dìde, kó sún mọ́ fèrèsé. Ogójì ènìyàn tó ń jó nínú gbọ̀ngàn kò lè sún mọ́ fèrèsé kankan. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì, gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù, títí kan irú kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yìn ìyẹn ló ń bọ̀.

Mo ń sọ èyí nítorí pé àwọn kan ti sọ ọ́ di ìjà ẹgbẹ́. Apá kan gbà pé fọ́tò tí fláàṣì bá ti kàn ti bàjẹ́. Apá kejì gbà pé ẹni tí kò bá lo fláàṣì kò tíì mọ iṣẹ́. Fèrèsé ni èmi fẹ́ràn jù, mi ò ní fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà tí fèrèsé ò lè ṣe láéláé, ẹni tó bá fi dandan lò ó níbẹ̀, fọ́tò tó ṣú, tó sì rí bàìbàì ló máa kó lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Kí iná mànàmáná tó wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìyàfọ́tò ló ní òrùlé gíláàsì, torí pé ojú ọ̀run ni wọ́n gbójú lé. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò á gòkè lọ bá ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀, á jókòó jẹ́ẹ́, wọn á sì fi irin ti ẹ̀yìn orí rẹ̀ kó má baà mì. Ní 1887, ní Jámánì, Adolf Miethe àti Johannes Gaedicke po lẹ́búlẹ́bú magnesium mọ́ kẹ́míkà mìíràn, wọ́n sì rí ohun tí èèyàn lè dáná sí kó bù yẹ̀rì lójijì, kó tan gbogbo yàrá. Kò pẹ́ rárá tí Jacob Riis, oníròyìn kan, fi ń gbé irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọ àwọn yàrá tóóró tí àwọn tálákà há mọ́ ní New York, tí àwọn kan nínú wọn kò ní fèrèsé rárá. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kò lè wá bá ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló lọ bá wọn.

Ojú wa máa ń tàn wá nínú ilé

Yàrá tó mọ́lẹ̀ lójú wa lè jẹ́ òkùnkùn lójú kámẹ́rà. Ojú ènìyàn máa ń bá ìmọ́lẹ̀ tó bá rí mu, kì í sì í sọ fún wa pé òun ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìta gbangba lábẹ́ oòrùn ọ̀sán lè tó 100,000 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń kan ibì kan). Yàrá tí gílóòbù ń tàn sí lálẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kó ju 200 lọ. Ìlọ́po 500 nìyẹn, a ò sì mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà kámẹ́rà sọ ọ́. ISO ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó. Nọ́ńbà f/ ń sọ bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń tóbi tó. Ṣọ́tà ni ìkélé tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀, 1/125 sì ni ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́bàá fèrèsé tó tóbi, lọ́sàn-án, ISO 400 pẹ̀lú ihò lẹ́ńsì f/2.8 àti ṣọ́tà 1/125 sábà máa ń tó. Ẹ wá rìn lọ sí igun tó jìnnà jù nínú yàrá kan náà. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ lè ti dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Kẹ́ ẹ tó lè lo ṣọ́tà 1/125 níbẹ̀, ẹ máa ní láti gbé ISO dé 3200, fọ́tò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí hóróhóró. Bí ẹ bá fi ISO sílẹ̀ níbi tó wà, ṣọ́tà á lọ sílẹ̀ sí 1/15, ọwọ́ tó bá gbọ̀n díẹ̀ ti ba fọ́tò náà jẹ́. Inú yàrá kan, ní wákàtí kan náà. Ìdí nìyẹn tí ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí ọ̀dọ̀ fèrèsé fi lè ṣe yín lóore ju kámẹ́rà tuntun lọ.

Àwọn kámẹ́rà àti fóònù òde òní ní ohun tó ń dá gbígbọ̀n ọwọ́ dúró. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín nìkan ló ń bá wí. Kò lè dá ọmọ tó ń sáré dúró.

Ohun tí fèrèsé ń fúnni

Kì í ṣe torí pé ojú ọ̀run ló ti wá ni ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ṣe ń rọ̀ lára ènìyàn. Ó rọ̀ torí pé fèrèsé tóbi. Orísun tó bá tóbi lójú ẹni tí à ń yà máa ń rán ìmọ́lẹ̀ sí i láti ọ̀nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òjìji imú àti ti àgbọ̀n kò ní le, etí wọn á máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Fèrèsé tó fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀, tó wà ní mítà kan sí ojú ènìyàn, tóbi gan-an fún un. Kí ẹni náà lọ dúró ní mítà márùn-ún, fèrèsé yẹn ti di kékeré, òjìji á sì le sí i.

Oòrùn fúnra rẹ̀ tóbi ju ayé lọ, ṣùgbọ́n ó jìnnà débi pé bíńtín ló rí lójú wa. Nítorí náà, oòrùn tó bá gba ojú fèrèsé wọlé tààrà kì í rọ̀ rárá: á fi ìlà funfun bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, á sì fi èkejì sí òkùnkùn. Kọ́tìnnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń tún un ṣe. Oòrùn á kan kọ́tìnnì, kọ́tìnnì á wá di orísun ìmọ́lẹ̀ mìíràn tó tóbi. Ẹni tó bá mọ̀ pé bí orísun ṣe tóbi tó ló ń mú ìmọ́lẹ̀ rọ̀, ó ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kó mọ̀ nípa fláàṣì náà, màá padà sórí ìyẹn.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Mo máa ń kọ́kọ́ pa gbogbo gílóòbù yàrá. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà ní nǹkan bíi 5,500 K (K, ìyẹn Kelvin, ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀; bó bá ṣe ga tó ló ṣe ń rí búlúù tó), ó sì lè ju 7,000 lọ bó bá jẹ́ ojú ọ̀run aláwọ̀ búlúù nìkan ló ń tàn wọlé. Gílóòbù tó ń pọ́n wà ní nǹkan bíi 2,700 sí 3,000 K. Bí méjèèjì bá pàdé lójú ènìyàn kan, apá kan á rí búlúù, apá kejì á rí bí ọsàn, white balance kámẹ́rà, ìyẹn ètò tó ń mú kí ohun funfun rí funfun, kò sì lè tún méjèèjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, màá gbé ẹni náà sí nǹkan bíi mítà kan sí fèrèsé, kó yí ara sí i díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ máa bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ iwájú rẹ̀. Màá wo ẹyinjú rẹ̀. Bí mo bá rí àwòrán fèrèsé kékeré tó ń tàn nínú méjèèjì, ó ti dúró síbi tó dára. Bí apá ojú tó jìnnà sí fèrèsé bá ṣú jù, ẹnì kan á gbé páálí funfun sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, ìmọ́lẹ̀ á ta padà sí i. Páálí yẹn kò gbówó lórí, kò sì nílò bátìrì, síbẹ̀ ó wà lára ohun tó wúlò jù lọ nínú iṣẹ́ yìí.

Oore kejì tí fèrèsé ń ṣe wá ni pé ohun tí ẹ rí ni ẹ máa bá nínú fọ́tò. Kò sí ìbúyẹ̀rì tó ń mú ènìyàn ṣẹ́jú, kò sí ohun tó ń rán an létí ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta pé wọ́n ń yà á. Ara á tù ú, ojú rẹ̀ á sì sinmi. Fún àwọn àgbàlagbà àti àwọn onítìjú, mi ò mọ ohun tó tún lè ṣe é báyìí.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kò sí nínú agbára yín. Ìkùukùu kan lè kọjá kó gba ìdajì rẹ̀ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ó lè yí padà láàárín ìgbà tí ẹ ń ya ẹni àkọ́kọ́ àti ìgbà tí ẹ máa dé orí ẹni kẹfà, àwọ̀ fọ́tò wọn ò sì ní bára mu. Bó bá di alẹ́, ó tán.

Fláàṣì, àti bí wọ́n ṣe ń ṣì í lò

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fláàṣì tó kọjú sí ènìyàn tààrà ni ẹ kórìíra, kì í ṣe fláàṣì fúnra rẹ̀. Èyí tó wà lórí kámẹ́rà kéré, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì gan-an. Nítorí pé ó kéré, òjìji rẹ̀ le, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìn. Nítorí pé ibi tí lẹ́ńsì wà lòun náà wà, ojú ènìyàn á rí pẹrẹsẹ, imú ò ní yọ. Ojú pupa náà, ibẹ̀ ló ti wá: ìmọ́lẹ̀ gba ihò ẹyinjú wọlé, ó kan ẹ̀yìn ojú níbi tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí, ó sì gba ọ̀nà kan náà padà sínú lẹ́ńsì.

Ìṣòro kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ pé fláàṣì ló fà á. Bí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ orísun kékeré máa ń dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tó wà ní mítà 1 gba èyí tó tó o, ògiri tó wà ní mítà 4 gba ìdá kan nínú 16 péré. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe ń funfun jù níwájú nígbà tí ilé tó rẹwà ṣú pátápátá lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wá yí orí fláàṣì yẹn sí ògiri funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe gíláàsì kékeré orí kámẹ́rà ló ń tan ìmọ́lẹ̀ mọ́, ògiri náà ni. Ó fẹ̀, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òjìji rẹ̀ rọ̀. Ẹ ti kọ́ fèrèsé síbi tí kò sí fèrèsé. Àjà ilé náà dára, òun ló sì wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn ògiri ju àjà lọ, torí pé ìmọ́lẹ̀ tó bá ti òkè bọ̀ máa ń fi òjìji sí abẹ́ ìpéǹpéjú, ó sì lè mú kí ènìyàn rí bí ẹni tí kò sùn. Bó bá jẹ́ àjà nìkan lẹ ní, ẹ tẹ orí fláàṣì sẹ́yìn díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ gbòòrò kó tó padà wálẹ̀.

Ọ̀nà yìí ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà lára àjà tàbí ògiri máa ń ku ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹ gbé ISO sí 400 tàbí 800 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí fláàṣì má baà máa fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́, torí pé èyí tó bá ń lo gbogbo agbára máa ń pẹ́ kó tó gba agbára tuntun, àsìkò yẹn gan-an ni ohun tó dára jù máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ tún wo àwọ̀ ògiri. Ògiri ewé á fi àwọ̀ ewé kun ojú ènìyàn. Àjà onípákó tó dúdú, tàbí èyí tó ga ju mítà márùn-ún lọ, kì í fẹ́ẹ̀ dá nǹkan kan padà. Níbẹ̀, agboòrùn funfun tàbí softbox (àpótí aṣọ funfun tí wọ́n ń fi bo fláàṣì kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀) lórí ìdúró ló kù, kẹ́ ẹ gbé e sún mọ́ ẹni náà dáadáa.

Agbára kan wà tí fláàṣì ní tí fèrèsé ò ní, òun ni dídá ohun tó ń lọ dúró. Ní agbára kíkún, ìbúyẹ̀rì fláàṣì kékeré máa ń gba nǹkan bíi 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹ bá dín agbára rẹ̀ kù, ó lè kúrú dé 1/10,000 tàbí kó tún kúrú sí i. Agbára yìí ni Harold Edgerton ti MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lé lórí láwọn ọdún 1930, títí tó fi dá ọta ìbọn dúró lójú afẹ́fẹ́ nínú fọ́tò. Ohun tí ẹ̀yin fẹ́ dá dúró lè má ju ọmọdé tó ń fò lórí ibùsùn lọ, iṣẹ́ kan náà ni.

Ohun kan kí ẹ ṣọ́ra fún: ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kò gbà kí ṣọ́tà yára ju 1/200 tàbí 1/250 lọ pẹ̀lú fláàṣì. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, apá kan fọ́tò á di dúdú, nítorí pé ìkélé ṣọ́tà ti bo apá yẹn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bù yẹ̀rì. Àwọn fláàṣì kan ní ètò tó ń jẹ́ ká kọjá ààlà yẹn, ṣùgbọ́n agbára wọn máa ń dín kù gan-an.

Àwọ̀ ara dúdú

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, torí pé ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà ló ń fò ó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún ogún, káàdì tí Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù kámẹ́rà, ń fún àwọn ilé ìfọfọ́tò láti fi mọ̀ bóyá àwọ̀ ti gún, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀. Awọ ara tirẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn gbogbo awọ. Ọ̀pọ̀ fọ́tò ìdílé àwọn aláwọ̀ dúdú tó rí dúdú kirikiri, tí ojú àti eyín nìkan ń tàn, ara ohun tó fà á nìyẹn. Ẹ̀bi awọ ara wọn kọ́.

Kámẹ́rà òde òní sàn ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n inú rẹ̀ ṣì ń fẹ́ sọ gbogbo ohun tó bá rí di àwọ̀ eérú tó wà láàárín dúdú àti funfun. Bí aláwọ̀ dúdú bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ń tàn tàbí tó wọ aṣọ funfun, funfun yẹn á tan kámẹ́rà jẹ, á mú kí fọ́tò ṣú, ojú á sì sọnù. Ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ lójú ẹni náà nìkan. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú rẹ̀. Bí ojú dúdú bá kún gbogbo fọ́tò, òdì kejì ni: kámẹ́rà á fẹ́ mú un funfun ju bó ṣe rí lọ, ẹ̀yin lẹ máa fà á wálẹ̀ díẹ̀.

Nípa orísun, ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere sí mi. Lára awọ dúdú, ibi tó ń dán ló ń sọ bí egungun ojú ṣe rí, ju ibi tó ṣú lọ. Orísun tó tóbi, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, máa ń fi dídán gbígbòòrò tó rọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, sí egungun imú, sí èjìká. Orísun kékeré láti iwájú máa ń fi ojú kan tó funfun gbàù sí iwájú orí, ìyókù á sì pẹrẹsẹ. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé fèrèsé àti fláàṣì tààrà nìkan ni ẹ lè yàn láàárín, ẹ yan fèrèsé láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ fèrèsé àti fláàṣì tó ta lára ògiri, méjèèjì lè dọ́gba.

Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

*Ènìyàn kan tó jókòó*
Fèrèsé: òjìji rọ̀, ara tù ú, ẹ rí ohun tí ẹ ń ṣe.
Fláàṣì: ó wúlò lálẹ́, tàbí bí ẹ bá fẹ́ kí fọ́tò ogún ènìyàn tí ẹ ń yà lọ́kọ̀ọ̀kan bára mu láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.
Fèrèsé ni èmi máa yàn, àfi bí bíbára mu yẹn bá jẹ́ dandan. Ibẹ̀, fláàṣì kì í já ènìyàn kulẹ̀.

*Ọmọdé*
Fèrèsé: ọmọ tó ń sùn tàbí tó ń ṣeré lójú kan nìkan ló yẹ. Ẹ kó ohun ìṣeré rẹ̀ sí ẹsẹ̀ fèrèsé, òun fúnra rẹ̀ á wá bá ìmọ́lẹ̀.
Fláàṣì: ọmọ tó ń sáré nílò ṣọ́tà tó tó 1/250 ó kéré tán, ìmọ́lẹ̀ inú ilé kì í sábà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ta fláàṣì lára àjà.

*Ẹgbẹ́ ènìyàn*
Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ máa ń ṣojúsàájú. Ẹni tó sún mọ́ ọn mọ́lẹ̀, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà ṣú. Ihò lẹ́ńsì f/2 tó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wọlé kò sì lè mú kí ìlà iwájú àti ti ẹ̀yìn hàn kedere pọ̀. F/5.6 tàbí f/8 lẹ nílò, ìyẹn sì ń béèrè ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀. Bí wọ́n bá ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, fláàṣì lára àjà ni, àfi bí fèrèsé ńlá bá wà ní ẹ̀yìn ẹ̀yin tí ẹ ń yà wọ́n, tí gbogbo wọn sì kọjú sí i.

*Ọjà, oúnjẹ, ohun kékeré orí tábìlì*
Wọn kì í mì, nítorí náà ṣọ́tà lè lọ́ra bó ṣe wù ú. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ lo ISO 100, kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn díẹ̀, páálí funfun níwájú. Fláàṣì di dandan nígbà tí ọjà bá pọ̀ tó ọgọ́rùn-ún, tí gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ jọra.

*Yàrá fúnra rẹ̀*
Fèrèsé àti ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

*Awò ojú, jígí, àwòrán abẹ́ gíláàsì*
Ìmọ́lẹ̀ máa ń ta padà lára gíláàsì bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ta padà lára ògiri: igun tó gbà lọ ló máa gbà padà. Fláàṣì orí kámẹ́rà tó kọjú sí gíláàsì á padà sójú yín gan-an, kò sí àtúnṣe kankan lórí kọ̀ǹpútà tó lè gba ohun tó wà lábẹ́ ojú funfun yẹn là. Ẹ gbé orísun sí ẹ̀gbẹ́, ní nǹkan bí igun 45, ì báà ṣe fèrèsé, ì báà ṣe fláàṣì. Fún ẹni tó wọ awò, kó tẹ àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbé orísun ga sí i. Ọ̀pọ̀ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò gba fláàṣì láàyè rárá, ẹ wo àkọlé wọn kẹ́ ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè.

*Gbọ̀ngàn ayẹyẹ lálẹ́*
Fèrèsé ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ẹ ń yàn láàárín ni iná gbọ̀ngàn àti fláàṣì. Iná LED tó wà níbẹ̀ lè máa ṣẹ́jú ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan níbi tí iná mànàmáná bá jẹ́ 50 Hz (ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ojú yín ò ní rí i, ṣùgbọ́n ṣọ́tà tó yára á gbé ìlà dúdú sórí fọ́tò. Ṣọ́tà 1/50 tàbí 1/100 ló ń dín in kù, èyí tí kò tó láti dá oníjó dúró. Fláàṣì ni ẹ máa lò. Ẹ bi àwọn tó pè yín bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ tó ń bù yẹ̀rì léraléra lè mú kí gìrì gbé.

Bí méjèèjì bá jọ ṣiṣẹ́

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó pa wọ́n pọ̀ ò ju èyí lọ: ìmọ́lẹ̀ fláàṣì yára débi pé yíyára tàbí lílọ́ra ṣọ́tà kò kàn án, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá kọjá ààlà tí mo sọ lókè. Ìmọ́lẹ̀ yàrá ni ṣọ́tà ń darí. Ihò lẹ́ńsì àti ISO ń kan méjèèjì. Nítorí náà, bí ènìyàn bá dára ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú, ẹ má fọwọ́ kan fláàṣì. Ẹ kàn fa ṣọ́tà láti 1/200 wá sí 1/60, iná inú ilé á wọlé, ẹni náà á sì dúró bó ṣe wà.

Ìlò tí mo fẹ́ràn jù ni ti ènìyàn tó fi ẹ̀yìn sí fèrèsé. Kámẹ́rà nìkan á sọ ọ́ di òjìji dúdú, tàbí kó sọ fèrèsé di funfun gbàù. Ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ fún fèrèsé, kẹ́ ẹ wá fi fláàṣì tó ta lára ògiri kún ojú rẹ̀, kí agbára rẹ̀ dín ní ìwọ̀n kan sí méjì sí ohun tí kámẹ́rà fẹ́ fún un (ìwọ̀n kan ń gé ìmọ́lẹ̀ sí ìdajì). Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ẹni tó wo fọ́tò náà kò ní mọ̀ pé fláàṣì wà níbẹ̀.

Lálẹ́, lábẹ́ gílóòbù tó ń pọ́n, fláàṣì á rí búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rọ́bà aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń pè ní CTO, tí ẹ fi bo ẹnu fláàṣì, ló ń mú un bá gílóòbù mu. Ó kéré, ó fúyẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í sì í rántí rẹ̀ títí tí àwọ̀ fọ́tò á fi dàrú.

Ẹni tó ń fi fóònù yà

Ohun tí fóònù ń pè ní fláàṣì kì í ṣe irú fláàṣì tí mo ti ń sọ bọ̀. Gílóòbù LED kékeré ni, ó máa ń tàn fún àsìkò tó gùn ju ti fláàṣì gidi lọ, kò lágbára tó láti dá ohun tó ń lọ dúró, kò ṣeé yí sí ògiri, mítà méjì ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ. Ẹ pa á. Ẹ gbé ènìyàn lọ sí fèrèsé, ẹ nu ojú lẹ́ńsì tí ìka ti dọ̀tí, ẹ tẹ ojú ẹni náà lórí fóònù, kẹ́ ẹ fa ìmọ́lẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀. Bó bá di alẹ́, ètò fọ́tò alẹ́ inú fóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ fọ́tò jọ sójú kan. Ó dára fún ohun tó dúró, kì í ṣe fún ẹni tó ń mì. Tọ́ọ̀ṣì fóònù kejì, tí ẹnì kan kọ sí ògiri funfun láti ẹ̀gbẹ́, sàn ju èyí tó wà lára fóònù tí ẹ ń fi yà lọ.

Kẹ́ ẹ tó rà, kẹ́ ẹ tó pinnu

Bí owó bá máa tó ohun kan ṣoṣo, tí ẹ sì ń ya ìdílé àti ọ̀rẹ́ lọ́sàn-án, ẹ ra lẹ́ńsì tí ihò rẹ̀ ṣí dé f/1.8. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó lé ní ìlọ́po mẹ́rin ju lẹ́ńsì tó ń bá kámẹ́rà wá lọ, bí tiyín bá dúró ní f/4 tàbí f/5.6. Bó bá jẹ́ pé ayẹyẹ ni iṣẹ́ yín, fláàṣì ni, ohun kan ṣoṣo tí mi ò sì ní gbà kẹ́ ẹ fò ni pé kí orí rẹ̀ lè yí sókè àti sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tí orí rẹ̀ ò bá yí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kó lágbára tó.

Ní ọjọ́ iṣẹ́, ẹ tètè dé ṣáájú àwọn ènìyàn. Ẹ pa fláàṣì, ẹ ṣètò kámẹ́rà sí ISO 400, f/4, 1/200, kẹ́ ẹ ya yàrá náà ní òfìfo. Bí fọ́tò náà bá dúdú pátápátá, yàrá kò ní ohunkóhun láti fún yín, fláàṣì ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́. Ẹ wá ògiri funfun tí ẹ máa ta á sí. Bí yàrá bá hàn díẹ̀, ẹ máa fa ṣọ́tà sílẹ̀ sí 1/100, sí 1/60, títí tó fi rí bí ẹ ṣe fẹ́ kí ẹ̀yìn rí, kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi fláàṣì kún ti ènìyàn. Bó bá sì jẹ́ pé ní 1/125 ni ohun gbogbo ti hàn dáadáa láìsí fláàṣì, ẹ fi fláàṣì sílẹ̀ nínú báàgì, kẹ́ ẹ lọ wá àga tí ẹ máa gbé sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.